Pẹpẹ Bálùwẹ̀ ní Ìgàǹdó

Ìyáàfin Ìbíyẹmí, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, sọ pákó mẹ́rin kalẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù Yahya káfíńtà ní Ìdímù. Ó ní kó fi wọ́n ṣe pẹpẹ méjì tí wọ́n máa kàn mọ́ ògiri bálùwẹ̀.

Yahya fi èékánná họ ọ̀kan. “Igi àpá gidi nìyí, mà. Níbo lẹ ti rí i?”

“Bẹ́ẹ̀dì ọmọ mi ni. Mo tú u.”

“Ó ti ra tuntun nìyẹn.”

“Kò lò ó mọ́.”

Ó mú ìwé kan jáde nínú báàgì. Ó ti kọ gbogbo ìwọ̀n sí i. Àwọn pẹpẹ náà kò gbọdọ̀ ga, nítorí orí kẹ̀kẹ́ arọ ni ẹni tó máa lò wọ́n ń jókòó sí.

“Kí ló ṣe é, mà?”

“Mọ́tò ni.”

“Ẹ kú ewu. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó dá ẹ̀mí rẹ̀ sí.”

Ìyá náà ká ìwé rẹ̀ padà sínú báàgì.

Yahya to àjákù igi mẹ́ta tó ti fi ọ̀dà, fáníìṣì àti epo kùn síwájú ìyá náà. “Ọ̀dà á bo gbogbo ojú igi, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀ pé bẹ́ẹ̀dì ni tẹ́lẹ̀. Fáníìṣì lèmi á mú tó bá jẹ́ tèmi. Ó máa tó ọdún márùn-ún kí omi tó rí i gbé ṣe. Epo yìí ńkọ́, igi á mu ún, kì í yọ̀ lọ́wọ́, àmọ́ ọdọọdún lẹ máa tún un kùn.”

“Ṣé ó nira láti kùn?”

“Rárá o. Àkísà lásán ni.”

Lára pákó kan, gọ́ọ̀mù àwòrán bọ́ọ̀lù tí ọmọ ìyá náà lẹ̀ mọ́ ọn nígbà tó wà ní pírámárì ṣì wà níbẹ̀.

“Ṣé kí n fá èyí kúrò?”

Ìyá náà fi ìka kan ra gọ́ọ̀mù náà. “Fá a. Kí o wá fi epo kùn ún.”

“Mà, fáníìṣì ló máa—”

“Epo ni mo fẹ́. Èmi á máa wá kùn ún.”

Lọ́jọ́ Sátidé, Yahya gbé àwọn pẹpẹ náà lọ sí àdírẹ́sì tó fún un ní Ìgàǹdó. Ìyá náà ń dúró dè é lẹ́nu géètì, wọ́n sì jọ wọlé. Olútáyọ̀, ọ̀dọ́kùnrin kan tí kò tíì tó ọgbọ̀n ọdún, jókòó sórí kẹ̀kẹ́ arọ lẹ́nu ọ̀nà bálùwẹ̀. Kò gbójú sókè.

“Ẹ káàbọ̀, mà,” ni ọ̀dọ́kùnrin náà wí.

“Na ọwọ́ rẹ,” ni ìyá náà wí.

Ó na ọwọ́ sí ògiri. Ibẹ̀ ni Yahya fi àmì sí, ó sì kàn wọ́n. Ìyá náà to ọṣẹ, kànìnkànìn àti bọ́rọ́ọ̀ṣì ìfọnu sórí wọn, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ ra etí igi náà wò bóyá ó ní ẹ̀gún.

“Bọ̀ọ̀dá, ẹ dúpẹ́ o,” ni Yahya sọ. “Irú ìyá báyìí ṣọ̀wọ́n.”

Olútáyọ̀ yí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kọjú sí ògiri.

Nígbà tí wọ́n jáde sí títì, Yahya mi orí. “Ẹ má bínú, mà, àmọ́ ọmọ yín ò tiẹ̀ lè wo ojú yín kó ní ẹ ṣeun.”

“Èmi kọ́ ni mo bí i,” ni Ìyáàfin Ìbíyẹmí dáhùn, bó ṣe ń nawọ́ dá márúwá dúró, “òun ló wa mọ́tò tó pa èyí tí mo bí.”