Ooru Tí Kò Gbé Ojú Kan

"Wàrà tún ti jóná!"

Ẹnjinía náà fọwọ́ lu tábìlì rẹ̀. Orí kọ̀ǹpútà ni wàrà ọ̀hún ti ń jóná, nínú àwòṣe ilé iṣẹ́ wàrà tí oníbàárà wọn fẹ́ kọ́, tí yóò fọwọ́ sí lónìí bó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn. Kó má bàa máa tẹ iye ooru sínú ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, ó ti fi nọ́ńbà kan ṣoṣo síbi tí gbogbo ẹ̀rọ ti ń kà á. Ẹni tó bá ṣáà ti ṣí àwòṣe náà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì lè yí i padà. Àmọ́ bó ṣe ń dín in kù ló ń gòkè.

Ó já wọ yàrá ọ̀gá rẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń fọwọ́ kan ooru mi?"

"Èmi ni. Àbí wàrà tí ò jinná lo fẹ́ kí wọ́n tà? Látàárọ̀ ni mo ti ń bá ọ gbé e sókè."

"Yéè! Èmi sì ń dín in kù!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n fẹnu kò sí iye kan, wọ́n tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀, àwọn méjèèjì wá gbọ́wọ́ sókè bí olè tí ọlọ́pàá na ìbọn sí.

Nọ́ńbà náà fò sókè lójú wọn kòrókòró.

Fóònù ọ̀gá dún. Oníbàárà ni.

"Ẹ kú iṣẹ́ o! Mo ti ṣí àwòṣe tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́. Ooru yín ò kàn gbé ojú kan ni, àmọ́ ẹ má ṣèyọnu, mo ń bá yín tún un ṣe. Ìyàwó mi náà ń ràn mí lọ́wọ́ látorí fóònù ẹ̀."