Òkú Mùsùlùmí Kì Í Pẹ́ Nílẹ̀

Màámi ń kanlẹ̀kùn yàrá mi gbà-gbà-gbà.

"Yasir! Ṣé o gbọ́? Wọ́n ń kéde òkú ní mọ́ṣáláṣí!"

Mo ti gbọ́. Mo ti ń wọ jalamíà mi.

Òkú Mùsùlùmí kì í pẹ́ nílẹ̀. Tí n ò bá sáré, wọ́n á ti sin ín kí n tó débẹ̀.

Inú Màámi ń dùn. Tẹ́lẹ̀, orí fóònù ni mo máa ń jí sí, tí màá máa fi ìwé ìwáṣẹ́ ránṣẹ́ káàkiri. Ẹnì kankan ò dáhùn. Látìgbà tí ìlú ti le, mo ti gbé fóònù tì. Kò sí òkú tí wọ́n ń sin ní Òwu tí n kì í sí níbẹ̀.

"Ọlọ́run ti bá mi tún ọmọ mi ṣe," ni Màámi ń sọ fáwọn aládùúgbò.

Alájì Sàlàhúdíìnì ni wọ́n ń sin lónìí. Sítọ́ọ̀ ilé iṣẹ́ kan lọ́nà Papalanto ni wọ́n ń bójú tó kí wọ́n tó kú.

Àwọn ọ̀dọ́ pọ̀ níbi sàárè ju àgbà lọ. Ẹnu ń ya lémọ́ọ̀mù.

Mo ń bu yẹ̀pẹ̀ títí òógùn fi bò mí.

Àkọ́bí Alájì di ọwọ́ mi mú. "Ọlọ́run á san ẹ́ lẹ́san rere, àbúrò. Ṣé o mọ bàbá mi ni?"

"Rárá, ẹ̀gbọ́n." Mo rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Iṣẹ́ tí bàbá ń ṣe, ṣé wọ́n ti rí ẹni fi síbẹ̀?"

Wọn ò bínú. Wọ́n kàn nawọ́ sí àwọn ọ̀dọ́ tó ṣì di ṣọ́bìrì mú.

"Àwọn yẹn ti béèrè ká tó wẹ òkú. Lọ tò sẹ́yìn wọn."