Obìnrin Tó Bá Nùsírátù Wá Lọ́yà

Abidjan ni Nùsírátù ṣì wà nígbà tí wọ́n ju Mùíbì, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́ta. Ìjà ló bẹ́ sílẹ̀ nídìí ẹ̀rọ gààrí lẹ́yìn Ẹ̀jìgbò. Mùíbì ti Irfan, ọmọ Ìsúndúnrìn, ìyẹn ṣubú lu irin, ó sì kú. Ẹ̀sùn ìpànìyàn ni wọ́n kọ́kọ́ kà sí i lẹ́sẹ̀. Lọ́yà ìjọba ló wá ní bó bá gbà pé òun jẹ̀bi, òun á sọ ẹ̀sùn náà di àìmọ̀ọ́mọ̀pànìyàn, kó lọ ṣẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta.

Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ka gbogbo rẹ̀ ní kóòtù. Abidjan ni Mùíbì dàgbà sí, Faransé àti Yorùbá nìkan ló gbọ́. Àmọ́ ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ láti kékeré pé bí àgbà bá bi í léèrè, kò gbọdọ̀ dákẹ́. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Yes, sà."

Inú bí Nùsírátù, ó sì wọkọ̀ bọ̀ wá sí Ẹ̀jìgbò. Ní mọ́ṣáláṣí, lọ́jọ́ Jímọ̀, ni Rùkáyátù ti bá a pàdé, obìnrin kan tó ní Masífà lòun ti wá. Ó ti gbọ́ nípa ẹjọ́ náà. Òun ló mú lọ́yà Ajíbóyè wá.

"Ìyá, ẹ gbọ́ mi dáadáa," Ajíbóyè wí. "Bá a bá borí ní kòtẹ́milọ́rùn, wọ́n á fagi lé ìjẹ́wọ́ yẹn, ẹjọ́ á bẹ̀rẹ̀ látilẹ̀. Ọdún mẹ́ta yẹn ò ní sí mọ́, àmọ́..."

"Ẹ ò gbọ́?" Rùkáyátù já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. "Ọdún mẹ́ta ò ní sí mọ́!"

Nùsírátù gbé ìwé náà lọ sọ́gbà ẹ̀wọ̀n. Mùíbì ò bèèrè ohun tó wà nínú rẹ̀.

"Ṣé kí n tẹ̀ka, Màámi?"

"Tẹ̀ ẹ́, ọmọ mi."

Rùkáyátù kì í fẹnu kan omi nílé Nùsírátù. Ààwẹ̀ lòun ń gbà, ohun tó máa ń wí nìyẹn. Fọ́tò Mùíbì nìkan ló máa ń ní kí wọ́n fún òun wò, á sì pẹ́ kó tó dá a padà.

Lóṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà, wọ́n borí. Nùsírátù dì mọ́ Rùkáyátù, omijé ayọ̀ bọ́ lójú rẹ̀.

"Merci, ẹ̀gbọ́n mi! Bẹ́ ẹ ṣe gba ọmọ mi là, Ọlọ́run á dá ọmọ tiyín náà sí."

Rùkáyátù ò ṣàmín.

Lọ́jọ́ tí wọ́n padà sí kóòtù, Nùsírátù ka ṣòkòtò àti bùbá tuntun sínú àpò, kí Mùíbì lè wọ̀ wọ́n bọ̀ wálé. Yorùbá ni wọ́n fi ka ẹ̀sùn lọ́tẹ̀ yìí: ó pa Irfan, ikú sì ni ìdájọ́ rẹ̀ bó bá jẹ̀bi. Mùíbì gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó bojú wẹ̀yìn, ó ń wá ìyá rẹ̀.

Lọ́yà ìjọba wá pe ẹlẹ́rìí rẹ̀ àkọ́kọ́, ìyá tó bí Irfan, Rùkáyátù sì dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ Nùsírátù, ó ní kó jọ̀ọ́ kó ká ẹsẹ̀ kúrò lọ́nà fóun.