Ìjà Lórí Òfin Odò

"Ọ̀dàlẹ̀ ni ọ́, Tillery!" Sẹ́nétọ̀ Brandvold ti ẹgbẹ́ pupa fọwọ́ lu tábìlì.

Tillery ti ẹgbẹ́ búlúù fò dìde. "Baba tó bí ọ lọ̀dàlẹ̀!"

Ìjókòó túká. Wọn kò dìbò lórí òfin tí kò ní jẹ́ kí ilé-iṣẹ́ kẹ́míkà da ẹ̀gbin sódò tí ìlú akọ̀wé ìgbìmọ̀ ń mu.

"Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé," akọ̀wé wí fún ẹ̀ṣọ́. "Bó bá ti kan òfin odò, ìjà a dé."

"Olóṣèlú kúkú ni wọ́n, ìyá."

Tillery gbàgbé ìwé ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Akọ̀wé mú un. Òǹtẹ̀ ilé-iṣẹ́ náà wà lókè. Ó kà á: "Dúró díẹ̀ níbí. Brandvold yóò pè ọ́ ní ọ̀dàlẹ̀. Lẹ́yìn náà, bú baba rẹ̀."