Ìṣáná ò Yọwọ́

Ọmọ ọ̀gá oníbúrẹ́dì tún gbá Ìṣáná létí, ẹ̀jẹ̀ sì kán sínú ìyẹ̀fun tó ń pò.

"Ìwọ náà lù ú!" ni obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbaṣẹ́ níbẹ̀ pariwo. "Ìṣáná wo lèyí? Ìṣáná tí omi wọ̀!"

Ìṣáná ò yọwọ́ nínú ìyẹ̀fun.

"Ìyá, kóòtù ní kí n wá sin ilé yìí dípò ẹ̀wọ̀n. Bí mo bá fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni, ẹ̀wọ̀n yá."

Ọmọ ọ̀gá fi orí kàn án nímú.

Nǹkan róbótó kan já bọ́ sáàárín wọn.

Ìṣáná he é, ó nù ún, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ojú gíláàsì yín rèé. Ojú gidi yín tí mo fọ́ ni mi ò rí dá padà."