Ẹni Tuntun ní Abúlé Bàbá

Olùtọ́jú náà ń fá irùngbọ̀n bàbá òyìnbó kan nílé wọn ní Lanham, ní Amẹ́ríkà, bàbá sì tún ń ròyìn abúlé wọn ní Ítálì: àwọn darandaran ló tẹ̀ ẹ́ dó sáàárín òkè, níbi tí odò méjì ti pàdé.

Ọmọ bàbá ti sọ fún olùtọ́jú náà tẹ́lẹ̀ pé ìjọba sé odò náà, omi sì bo abúlé náà mọ́lẹ̀ pátápátá. Síbẹ̀, olùtọ́jú náà máa ń béèrè nípa abúlé náà, kí bàbá lè jókòó jẹ́ẹ́.

“Èèyàn mélòó ló wà níbẹ̀ báyìí, sà?”

“Ẹnìkan tún dé bá wa láàárọ̀ yìí. Obìnrin aláwọ̀ dúdú bíi tìẹ. Kò gbọ́ èdè wa. Ó kàn dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń pe Àwẹ̀ró.”

Ọwọ́ olùtọ́jú náà dúró. Kò sẹ́ni tó mọ oríkì rẹ̀ ní gbogbo Amẹ́ríkà. Ìyá rẹ̀ nìkan, ní Ọ̀yọ́, ló ń pè é bẹ́ẹ̀.

Fóònù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Nọ́ńbà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, láti Ọ̀yọ́. Kò gbé e.

“Ẹ jọ̀ọ́, sà,” ó rọra wí, “ẹ bá mi wá àga fún un kó jókòó.”