Eyín Onídùúró

"Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá Oyèníkẹ̀ẹ́," ni ẹ̀rọ tí ń ránni létí wí lára ògiri. "Òní ni fífọ eyín yín. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé tí a máa pè yín."

Mo gbé ife ẹ̀kọ sílẹ̀. Ẹ̀rù àga àwọn oníṣègùn eyín yẹn ń bà mí, kí n má parọ́.

Ẹni tí kò bá lọ, eyín onídùúró rẹ̀ ni wọ́n ń yọ. Àdùfẹ́ ìyàwó mi ló dúró fún mi. Méjì ti lọ lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ dìde, ẹ máa lọ," ó ní. "Ọkùnrin tó ń lé ejò lóko, búrọ́ọ̀ṣì ló wá ń sá fún!"

Mo dé ẹnu ọ̀nà ilé ìtọ́jú eyín wọn. Mo gbọ́ tí nǹkan kan ń kùn nínú ilé. Mo padà.

Kí n tó délé, àwọn aláṣọ funfun méjì ti wà ní pálọ̀. Àdùfẹ́ ti jókòó, ó ti gbé orí sẹ́yìn. Kò tiẹ̀ bú mi.

"Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ bá wọn di orí mi mú," ó ní. "Ọwọ́ tiwọn le jù."

Mo dì í mú gírígírí. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, ọkàn mi balẹ̀.